Ọrọ̀ Inú Omi Ìdànù

(Àròkọ Alálàyé)

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, bí olùdánwò bá ní kí o ṣàlàyé nǹkan, kì í ṣe pé ó fẹ́ kí o kó ọ̀rọ̀ kàǹkà-kàǹkà jọ fún òun. Ohun tí ó ń retí ni pé kí o mú òǹkàwé láti ibi tí ó mọ̀ lọ sí ibi tí kò mọ̀, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kí ó má baà ṣìnà lójú ọ̀nà. Bí iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣàlàyé bá jẹ́ ti ilẹ̀ òkèèrè, kọ́kọ́ wá ìbátan rẹ̀ ní ilé tìrẹ. Ìlapa èrò tí mo tẹ̀lé nínú àròkọ yìí nìyí:

(a) Ìfáàrà: káún inú ilé ìdáná
(b) Bí omi ṣe ń di omi iyọ̀
(d) Àwọn tí wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí
(e) Ìdí tí a fi ń wá lítíọ́mù
(ẹ) Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ láti inú omi
(f) Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀
(g) Omi tí ó ń bá epo rọ̀bì jáde
(gb) Ohun tí ó kan àwa ará Àkókó
(h) Ìgúnlẹ̀

ÀRÒKỌ NÁÀ

Bí ìyá rẹ bá fẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀, tàbí kí ewédú yọ̀ dáadáa, yóò ní kí o lọ fọ́ káún díẹ̀ wá. Ǹjẹ́ o ti bèèrè rí ibi tí káún ti ń wá? Kì í ṣe òkúta tí a wà láti inú òkè. Ní ìhà Adágún Chad, omi a máa sun jáde sínú àwọn àfonífojì tí ó wà láàrin òkìtì iyanrìn. Oòrùn a pa omi náà títí yóò fi gbẹ, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ a sì dì gbagidi sílẹ̀. Ohun dídì yìí ni àwọn èèyàn ibẹ̀ ń gé, tí àwọn oníṣòwò sì ti ń rù wá sí ilẹ̀ Yorùbá láti ayé àwọn baba ńlá wa. Bákan náà ni àwọn obìnrin Keana, ní Ìpínlẹ̀ Násáráwá, ti ń fi omi ṣan erùpẹ̀ oníyọ̀, tí wọ́n á sì se omi rẹ̀ lórí iná títí yóò fi di iyọ̀.

Nítorí náà, kí a yọ àlùmọ́ọ́nì láti inú omi kì í ṣe àjèjì sí wa rárá. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wá irú àlùmọ́ọ́nì mìíràn, èyí tí ilé-iṣẹ́ òde-òní kò lè ṣe aláìní, nínú omi tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Èkíní ni omi gbígbóná tí ó ń jáde láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi ooru inú ilẹ̀ pèsè iná mànàmáná. Èkejì ni omi ìdọ̀tí tí ilé-iṣẹ́ àti kànga epo rọ̀bì ń tú jáde. Nínú àròkọ yìí, n ó ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ti rí, ìdí tí kò fi rọrùn, àti ohun tí ó yẹ kí àwa fi ṣe ẹ̀kọ́.

Omi jẹ́ àlejò tí kì í kúrò nílé onílé lọ́wọ́ òfo. Bí òjò bá rọ̀, apá kan omi rẹ̀ a máa wọ ilẹ̀ lọ, láàrin iyanrìn àti pàlàpálá òkúta. Bí ó ti ń jìn sí ìsàlẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i. Ìwọ náà mọ̀ pé ṣúgà tètè ń yọ́ nínú tíì gbígbóná ju inú omi tútù lọ. Bẹ́ẹ̀ ni omi gbígbóná ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ṣe ń yọ́ ohun tí ó wà nínú òkúta: iyọ̀, síńkì, àti ọ̀pọ̀ èròjà mìíràn. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, kì í ṣe omi lásán mọ́. Ó ti di omi iyọ̀ kíkorò tí kò ṣeé mu, tí kò sì ṣeé fi bomi rin oko.

Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé gbogbo omi tí ó bá gbóná ni ó ní ọrọ̀ nínú. Omi lílọ́wọ́rọ́ Ìkógòsì, ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, kò jìnnà sí wa. Ooru rẹ̀ níbi tí ó ti ń sun tó nǹkan bí ìwọ̀n 37 tàbí 38 lórí ìdíwọ̀n Celsius. Síbẹ̀, omi tí kò níyọ̀ ni, nítorí òkúta líle tí ó ń gbà kọjá kì í tètè yọ́. Ní Salton Sea, ní Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Ooru omi ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ lé ní ìwọ̀n 300. Bí o bá wọn kìlógíráàmù mẹ́rin omi náà, kìlógíráàmù kan nínú rẹ̀ lè jẹ́ iyọ̀ àti àwọn èròjà mìíràn.

Àwọn kan ti fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe ọrọ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní àgbègbè Tuscany ní ilẹ̀ Ítálì, omi gbígbóná a máa hó nínú kòtò, èéfín a sì máa tú jáde láti inú ilẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1818 ni ọkùnrin ará Faransé kan, François de Larderel, ti bẹ̀rẹ̀ sí í se omi ẹlẹ́rẹ̀ náà kí ó lè rí èròjà bórọ́nì fà yọ láti inú rẹ̀. Igi ni ó kọ́kọ́ fi ń dáná, igbó àdúgbò sì ń tán lọ. Ní ọdún 1827, ó yí ọgbọ́n dà: ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èéfín gbígbóná tí ó ń ti inú ilẹ̀ jáde se omi náà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ìlú tí ó wà níbẹ̀, Larderello. Ní ibẹ̀ kan náà ni Piero Ginori Conti ti fi èéfín ilẹ̀ tan gílóòbù iná márùn-ún ní ọdún 1904. Kíyè sí i pé àlùmọ́ọ́nì ni wọ́n kọ́kọ́ wá lọ, iná mànàmáná ni ó tẹ̀lé e. Lóde òní, ọ̀rọ̀ ti yí padà: iná ni wọ́n ti rí, àlùmọ́ọ́nì ni wọ́n wá ń wá.

Omi òkun pàápàá kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 1934, àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ brómíìnì láti inú omi òkun ní etíkun North Carolina. Ní ọdún 1941, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n yọ magnesium láti inú omi òkun ní Freeport ní Texas. Irin fífúyẹ́ ni magnesium, ó sì wúlò fún ṣíṣe ọkọ̀ òfurufú.

Ní àkókò wa yìí, èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù ni lítíọ́mù. Irin ni, ṣùgbọ́n kò sí irin mìíràn tí ó fúyẹ́ tó o. Johan August Arfwedson ni ó ṣàwárí rẹ̀ ní ilẹ̀ Sweden ní ọdún 1817. Fún ìgbà pípẹ́, ìwọ̀nba ni ohun tí a ń fi í ṣe. Ní ọdún 1991 ni bátìrì onílítíọ́mù tí a lè máa gba iná sí léraléra kọ́kọ́ dé ọjà, ní ọdún 2019 sì ni wọ́n fún John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Òun ni ó wà nínú tẹlifóònù alágbèéká tí bàbá rẹ ń lò, nínú ọ̀pọ̀ bátìrì tí ń tọ́jú iná oòrùn, àti nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí kì í mu epo.

Jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí ìṣirò ni kì í jẹ́ kí a fi ẹnu lásán sọ ọ̀rọ̀ ọrọ̀. Lítíọ́mù tí ó wà nínú lítà omi òkun kan kò tó ìdá-márùn-ún mílígíráàmù kan. Èyí tí ó wà nínú lítà omi Salton Sea tó nǹkan bí mílígíráàmù 200. Bí táńkà omi kan bá gba 10,000 lítà, táńkà kan omi Salton Sea yóò ní nǹkan bí kìlógíráàmù lítíọ́mù méjì nínú. Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ rí kìlógíráàmù kan ṣoṣo nínú omi òkun, nǹkan bí táńkà 600 ni o gbọ́dọ̀ gbọ̀n. Nǹkan bí kìlógíráàmù mẹ́jọ sì ni ó ń wà nínú bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan. Ìwọ náà rí i pé lítíọ́mù wà níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo ni ó ti tó kó.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́? N kò mọ ọ̀nà tí ó dára láti ṣàlàyé irú nǹkan báyìí títí di ọjọ́ tí mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tí ń ṣe ọṣẹ dúdú ní Àjọwá. Màmá náà ti sun èèpo kòkó di eérú. Ó da eérú náà sínú ajere, ó gbé ajere lé ẹnu ìkòkò, ó sì ń bu omi lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Omi tí ó ń kán sílẹ̀ pọ́n bí tíì. Omi eérú yìí ni ó ń sè títí yóò fi ki, kí ó tó pò ó pọ̀ mọ́ àdín. Ọmọkùnrin kan bèèrè pé, “Màmá, ṣé èèpo kòkó tí àwọn bàbá wa ń dà sí abẹ́ igi lẹ ń sun yìí?” Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Òun náà ni, ọmọ mi. Àwọn bàbá yín ń kó kóró, èmi ń kó èèpo. Ta ni nínú wa ni ó mọ ẹni tí ó jèrè jù?”

Ohun tí màmá náà ń yọ láti inú eérú ni àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ń pè ní pótáàṣì. Omi ni ó fi gbà á, iná ni ó fi lé omi náà lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe ní aṣálẹ̀ Atacama ní ilẹ̀ Chile, àfi pé oòrùn ni iná tiwọn. Wọn a fa omi iyọ̀ láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ sínú adágún gbalasa, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún ọdún kan tàbí ọdún kan ààbọ̀ kí oòrùn máa fà á gbẹ. Ọ̀nà yìí kò ná ni lówó epo, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́, omi púpọ̀ sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ ní ilẹ̀ tí òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀.

Ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lé lórí ní Salton Sea àti ní àfonífojì odò Rhine ní Jámánì kò dúró de oòrùn. Jẹ́ kí n fi ọjà Ìkàrẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Bí wọ́n bá ní kí o lọ wá àbúrò rẹ ní ọjà náà ní ọjọ́ tí èrò kún fọ́fọ́, o kò ní lé gbogbo èrò kúrò kí o tó rí i. Ẹnu ọ̀nà kan ni ìwọ yóò dúró sí, níbi tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá. Nígbà tí ó bá dé, ìwọ yóò dì í mú lọ́wọ́, yóò sì jẹ́ kí àwọn yòókù máa lọ. Àwọn onímọ̀ ti ṣe oríṣi èròjà kan tí ó kún fún ihò wínníwínní, ihò tí lítíọ́mù nìkan ni ó bá a mu. Wọn a jẹ́ kí omi iyọ̀ gba inú èròjà yìí kọjá. Lítíọ́mù a jókòó síbẹ̀, àwọn yòókù a kọjá lọ. Lẹ́yìn èyí, wọn a fi omi tí ó mọ́ tàbí ásíìdì tí kò le ṣan èròjà náà, lítíọ́mù a sì bá omi ṣíṣàn náà jáde. Wákàtí ni iṣẹ́ yìí ń gbà, kì í ṣe ọdún. Omi iyọ̀ tí ó ṣẹ́kù, wọn a dá a padà sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tí ó ti wá.

Bí mo ti ṣàlàyé rẹ̀ yìí, ó dà bí ẹni pé ó rọrùn. Kò rọrùn. Ìṣòro kìíní ni pé omi gbígbóná ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ní èròjà iyanrìn tí ó ti yọ́ nínú. Bí omi náà bá ti ń tutù, èròjà yìí a máa lẹ̀ mọ́ inú páìpù, bí ẹ̀ẹ́pá funfun ṣe ń dì sí inú kẹ́tùrù tí a fi ń se omi kànga, títí páìpù yóò fi dí. Ìṣòro kejì ni owó. Ní Salton Sea kan náà, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa yọ síńkì láti inú omi náà. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2002. Nígbà tí ó fi di ọdún 2004, wọ́n ti tì í pa. Síńkì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò lè bọ́ ara rẹ̀. Iye tí wọ́n ń ta lítíọ́mù pẹ̀lú kì í dúró sójú kan: ó fò sókè gan-an ní ọdún 2022, ó sì já wálẹ̀ ní ọdún 2023 àti 2024.

Ìṣòro kẹta kì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì. Ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀? Ní ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ California gbé owó-orí lé gbogbo tọ́ọ̀nù lítíọ́mù tí wọ́n bá yọ, wọ́n sì pàṣẹ pé kí apá tí ó pọ̀ jù nínú owó náà padà sí àgbègbè tí wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n ṣe òfin yìí kí iṣẹ́ náà tó fìdí múlẹ̀, wọn kò dúró di ìgbà tí ìjà bá dé.

Omi tí ó ń bá epo rọ̀bì jáde náà yẹ ní ohun tí à ń yẹ̀ wò. Bí kànga epo bá ti ń gbó, omi iyọ̀ tí ó ń bá epo jáde a máa pọ̀ sí i, títí yóò fi pọ̀ ju epo lọ. Ìnáwó ńlá ni fún àwọn tí ń wa epo láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ní Ìpínlẹ̀ Arkansas ní Amẹ́ríkà, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń yọ brómíìnì nínú omi iyọ̀ tí ó wà ní ibi tí wọ́n ti ń wa epo. Ní ọdún 2024, àjọ tí ń ṣe ìwádìí ilẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé lítíọ́mù tí ó wà nínú omi abẹ́ ilẹ̀ Arkansas náà yóò tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 5 sí 19. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa náà ń mú epo rọ̀bì jáde ní ìhà Ìlàjẹ. Ìgò omi kan láti inú kànga, yàrá sáyẹ́ǹsì tí ó pé, àti ọmọ tí ó mọ kẹ́místrì ni ìbẹ̀rẹ̀ irú ìwádìí báyìí. Ọ̀nà rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìyẹn.

Kí wá ni ó kan àwa ará Àkókó? Mo ní láti sọ òtítọ́ fún ọ. Orí àpáta líle ni ilẹ̀ wa wà, láti Àjọwá títí dé Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Kì í ṣe irú ilẹ̀ tí omi iyọ̀ gbígbóná ń sun nínú rẹ̀. Inú òkúta ni lítíọ́mù wà ní apá tiwa yìí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti rí i ní Ìjerò ní Èkìtì. Èyí ni ó mú kí àwọn tí ń ra òkúta máa lọ káàkiri, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi ìwé sílẹ̀ láti gbẹ́lẹ̀. Ọmọ kan tí mo kọ́ fi kíláàsì sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sí ìdánwò rẹ̀ nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi òkúta náà ṣe, ó ní, “Sà, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń rà á.” Ẹni tí kò mọ ohun tí òun ń tà, báwo ni yóò ṣe mọ iye tí yóò tà á?

Ewu ibẹ̀ ju ìrẹ́jẹ lọ. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Sámfárà, àwọn èèyàn ń lọ òkúta oníwúrà nínú ilé wọn láìmọ̀ pé òjé wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ wọ inú oúnjẹ àti ilẹ̀ ilé, ó sì pa ọmọdé tí ó lé ní 400. Wúrà ni wọ́n ń wá, òjé sì bá a rìn. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo àlùmọ́ọ́nì, àti pé ẹni tí yóò bá wà á gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Má ṣe rò pé nítorí owó nìkan ni òfin ṣe wà. Nítorí ẹ̀mí ni pẹ̀lú.

Ní ìparí, ohun tí mo fẹ́ kí o mú dání ni pé kí a rí ọrọ̀ kò ṣòro tó kí a mọ bí a ṣe ń yà á sọ́tọ̀. Orúkọ ìlú wa, Àjọwá, fi hàn pé ọ̀pọ̀ ni ó jọ wá sí ojú kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èròjà ṣe jọ wá sínú omi iyọ̀: èyí tí ó wúlò, èyí tí kò wúlò, àti èyí tí ó lè pani. Ìmọ̀ ni a fi ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Kò sì jìnnà sí ọ. Ní Àkùngbá-Àkókó, ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, wọ́n ń kọ́ni ní kẹ́místrì àti ìmọ̀ nípa ilẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Nígbà tí o bá tún rí èèpo kòkó lábẹ́ igi, tàbí omi ìdọ̀tí tí ń ṣàn lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ kan, má kàn fo ó kọjá, má sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bèèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí o sì lọ kọ́ bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n.